Wọ́n ní àwọn ò kọ sọ̀wédowó fún mi mọ́: ṣé òfin New York gbà á?

ÌyáÌbejì_Bronx | Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti gbóná.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mo ń ṣe, ó ti tó ọdún mẹ́rin lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ gba sọ̀wédowó mi lọ́fíìsì. Màá gbà á, màá rìn dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi sọ̀wédowó gba owó ní ìkóríta wa, wọn á yọ tiwọn, màá kó ìyókù sápò. Owó àjọ lọ́tọ̀, owó ilé lọ́tọ̀, ti màmá mi n'Íbàdàn lọ́tọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sú mi.

Àfi bí wọ́n ṣe fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé láti oṣù tó ń bọ̀, ó parí. Kí kálukú mú nọ́ńbà àkáǹtì wá fún direct deposit, ìyẹn ni pé kí owó iṣẹ́ máa wọ inú àkáǹtì èèyàn tààrà. Ẹni tí kò bá mú un wá kí ọjọ́ Ẹtì yìí tó kọjá, wọn á fi káàdì kan ránṣẹ́ sí i nílé, inú káàdì yẹn ni owó rẹ̀ á máa wọ̀. Mo pe ọmọbìnrin tó ń dáhùn fóònù lọ́fíìsì, ó ní òfin ìjọba tuntun ni, àwọn náà ò rí i ṣe. Ó wá fi kún un pé bí mo bá fi dandan fẹ́ sọ̀wédowó, dọ́là márùn-ún ni wọn á máa yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò ní àkáǹtì. Mo ní ọ̀kan nígbà kan rí. Owó ibẹ̀ tán láìjẹ́ pé mo mọ̀, wọ́n bu owó ìtanràn lé mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò rí i san, wọ́n tì í pa. Báǹkì méjì tí mo tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n wo kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n mi orí. Ní ti káàdì yẹn, mo gbọ́ pé ó ń jẹ owó bí ikán.

Ṣé lóòótọ́ ni òfin ní kí wọ́n ṣe wá báyìí?

BàbáÀgbà_StatenIsland | Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Òótọ́ ni ọmọbìnrin yẹn sọ fún ọ. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Ààrẹ Trump fọwọ́ sí i pé kí sọ̀wédowó dópin, wọ́n sì dá ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Èmi fúnra mi, wọ́n kọ̀wé sí mi lórí owó ìfẹ̀yìntì mi, mo sáré lọ yí i sí báǹkì. Má bá ìjọba fa ọ̀rọ̀.

Àdìó_Houston | Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ju owó yín sí àkáǹtì, ẹ sinmi. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mi ò fojú kan sọ̀wédowó rí. Kí n tó jí ní ọjọ́ Ẹtì, owó ti wọlé. Ẹni tí kò bá fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì, wọn ò tiẹ̀ ní gbà á síṣẹ́. Kí ni èèyàn tún ń fi bébà ṣe láyé yìí?

Akọ̀wéOwó_Queens | Ọjọ́ Ajé, 11:20 alẹ́

Mo ti fẹ́ sùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè sùn. Ìṣírò owó òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, ọdún kọkànlá rèé.

Bàbá Àgbà, ẹ má bínú sà. Àṣẹ tí ẹ sọ wà lóòótọ́, ọjọ́ tí ẹ dá náà sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń san ló wà fún: owó ìfẹ̀yìntì bíi tiyín, owó orí tí wọ́n ń dá padà, owó àwọn tó ń tajà fún ìjọba, àti owó tí àwọn èèyàn ń san fún ìjọba. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó gba Ìyá Ìbejì síṣẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ti gbé àṣẹ yẹn kọ́rùn láti fi dẹ́rù ba òṣìṣẹ́. Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni àwọn ń pa.

Òfin àpapọ̀ tó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti pẹ́, ọdún 1978 ni wọ́n ṣe é, Electronic Fund Transfer Act lorúkọ rẹ̀. Ìlànà tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni à ń pè ní Regulation E. Ohun tó sọ níbi tó kàn wá ò gùn: kò sí agbanisíṣẹ́ tó gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan pé báǹkì kan pàtó ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ní àkáǹtì kó tó rí iṣẹ́. Ẹ wo ibi tó mọ o. Kò ní kí wọ́n má fi dandan lé direct deposit. Bí ọ̀gá bá ní, "Báǹkì tó bá wù ẹ́ ni kó o lò, ṣáà mú nọ́ńbà wá," òfin àpapọ̀ ò bá a jà. Bí ti Àdìó ṣe rí nìyẹn. Káàdì ló yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ báǹkì kan pàtó ni káàdì ti ń wá, ilé iṣẹ́ ló sì yan báǹkì náà, òṣìṣẹ́ kọ́. Nítorí náà, wọn ò lè sọ pé káàdì yẹn nìkan ni tàbí kó o gbélé ẹ. Oṣù Kẹsàn-án 2013 ni CFPB, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà báǹkì, kọ̀wé kí wọ́n lè rán àwọn agbanisíṣẹ́ létí.

Lórí ìyẹn ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá ń fi tirẹ̀ kún. Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti dùn nìyí. Ní New York, abala 192 nínú Òfin Iṣẹ́ sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ san owó òṣìṣẹ́ sí báǹkì láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ ṣáájú owó. Àwọn ọ̀gá àgbà àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí owó wọn ju 900 dọ́là lọ́sẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ oko. Ìyá Ìbejì, ẹ ò sí nínú méjèèjì. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, sọ̀wédowó ni tàbí owó lọ́wọ́.

Dọ́là márùn-ún yẹn ńkọ́? Abala 193. Ohun tí agbanisíṣẹ́ lè yọ lára owó òṣìṣẹ́ ní New York kò pọ̀, owó tí ó fi tẹ sọ̀wédowó kò sì sí lára wọn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Brooklyn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Akọ̀wé, ẹ ṣé gan-an. Àtúnṣe kékeré kan: 900 yẹn ti di 1,300 dọ́là lọ́sẹ̀ láti oṣù Kẹta 2024. Kò kan Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì àti oníṣirò tó ń ka ibí yìí lè rò pé àwọn ti wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀.

Akọ̀wéOwó_Queens | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:12 àárọ̀

Òótọ́ ni. Nọ́ńbà àtijọ́ ló wà lórí mi. Ẹ ṣeun.

Ọ̀gáKékeré_Brooklyn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó náà sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní ilé iṣẹ́ ìtọ́jú kékeré, òṣìṣẹ́ mi ò tó ọgbọ̀n. Ẹ má rò pé ìkà ló ń mú wa ṣe é. Ẹni kan á ní sọ̀wédowó òun sọnù, màá san owó fún báǹkì kí wọ́n dá a dúró, màá tún òmíràn kọ, ọ̀sẹ̀ kejì ẹni náà á rí ti àkọ́kọ́ nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì, á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n sì ń jí nínú lẹ́tà ti wá pọ̀ jù: wọ́n á fi kẹ́míkà fọ orúkọ kúrò, wọ́n á kọ tiwọn. FinCEN tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìṣúra Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù Kejì 2023, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ tèmi kí wọ́n tó kìlọ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, mo fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí kò bá fọhùn, mo gbà pé ó ti fara mọ́ ọn.

Akọ̀wéOwó_Queens | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 àárọ̀

Ọ̀gá wa, mo mọ ìyà sọ̀wédowó tó sọnù, èmi ni mo ń kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má jẹ́ kí olùbẹ̀wò kankan gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Òfin ní "lórí ìwé", ó sì ní "ṣáájú". Ẹ lọ kó fáìlì yín jáde lónìí, ẹ wo iye ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni òṣìṣẹ́ lè padà sí ní New York bó bá fẹ́ béèrè owó tó tọ́ sí i.

Ọ̀gáKékeré_Brooklyn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀

Mẹ́rin. Fọ́ọ̀mù mẹ́rin ni kò sí. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.

Àríkẹ́_Chicago | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:44 ọ̀sán

Gbogbo yín ń bú káàdì, kò sí ẹni tó ti lò ó rí nínú yín. Èmi lò ó fún ọdún méjì nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kí n tó rí nọ́ńbà Social Security gbà dáadáa. Kì í ṣe ikán. Ẹni tí kò bá ka ìwé rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Oṣù àkọ́kọ́, ó jẹ èmi náà. Mo gba owó nínú ATM tí kò sí lára tiwọn, wọ́n yọ owó. Mo tẹ̀ ẹ́ wo iye tó kù nínú ẹ̀rọ, wọ́n yọ owó. Mo gba ogún dọ́là lónìí, ogún lọ́la, ogún lọ́tunla, gbogbo rẹ̀ lówó. Obìnrin ará Ghana kan níbi iṣẹ́ ló là mí lójú. Ó ní tí owó bá ti wọlé, kí n mú káàdì àti ìwé ìdánimọ̀ mi, kí n wọ inú báǹkì tí àmì rẹ̀ bá ti ẹ̀yìn káàdì mu, Visa tàbí Mastercard, kí n tọ akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì lọ, kí n ní mo fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ pátápátá, tó fi dé kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ kì í san kọ́bọ̀, èèyàn ló ń san án. Láti ọjọ́ náà, mi ò san owó kankan mọ́. Iye tó kù, orí fóònù ni mo ti ń wò ó.

Ní Illinois níbí, òfin tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2015 ti sọ pé wọn ò lè fi káàdì ṣe dandan fún òṣìṣẹ́, ọ̀nà kan sì gbọ́dọ̀ wà tí èèyàn á fi rí owó rẹ̀ gbà láìsan nǹkan kan. Ìwé pélébé tó wà pẹ̀lú káàdì ni kí ẹ kà, Ìyá Ìbejì. Láti oṣù Kẹrin 2019 ni ó ti di dandan kí ó wà níbẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, kó kọ iye owó kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì, kì í ka sí wa létí: pé kò di dandan kí o gba káàdì yìí, béèrè ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ rẹ. Orí ìwé tiwọn fúnra wọn ni ó wà!

Àdìó_Houston | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ẹ gbọ́, ṣé ẹ ò rí i pé ṣọ́ọ̀bù sọ̀wédowó yẹn gan-an ni ikán? Ìyá Ìbejì, èló ni wọ́n ń yọ?

ÌyáÌbejì_Bronx | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:58 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni. Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo kà á tán nínú ọkọ̀ ojú irin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí mo ti máa sọ̀.

Àdìó, nǹkan bíi dọ́là mẹ́rìndínlógún lọ́sẹ̀.

Àdìó_Houston | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:06 alẹ́

Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà méjìléláàádọ́ta. Dọ́là 832 lọ́dún! Ọdún mẹ́rin nìyẹn o. Owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé àtàbọ̀ ni ẹ ti gbé fún ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ wá ń jà nítorí dọ́là márùn-ún.

ÌyáÌbejì_Bronx | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:21 alẹ́

Mi ò ṣírò rẹ̀ báyẹn rí. Àmọ́ àbúrò mi, ṣọ́ọ̀bù yẹn ń sọ iye tó máa gbà fún mi kí n tó fún un ní sọ̀wédowó. Báǹkì kò sọ nǹkan kan fún mi, mo kàn jí, owó ti lọ. Òun nìyẹn.

ỌmọÌjẹ̀bú_Brooklyn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yé mi. Àdìó, òfin Texas kọ́ ni òfin New York, ẹ má fi tiyín dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin gan-an ní Texas, ọjọ́ 180 péré ni ẹ ní láti fi ẹjọ́ owó iṣẹ́ sùn ní Texas Workforce Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá jókòó, ó ti kọjá.

Màmá, "kọ̀ǹpútà" tí àwọn báǹkì méjì yẹn wò, ChexSystems ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá ti àkáǹtì wọn pa sí, ọdún márùn-ún ni ó sì ń wà níbẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa yín ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé ta kò ó. Ìgbà wo ni wọ́n ti tiyín pa?

ÌyáÌbejì_Bronx | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:47 alẹ́

Kí Covid tó dé. Ìbejì ò tíì wọ ilé ìwé.

ỌmọÌjẹ̀bú_Brooklyn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:52 alẹ́

Ó ti kọjá ọdún márùn-ún nígbà náà! Ó ṣeé ṣe kí orúkọ yín ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Kódà bí kò bá tíì kúrò, ẹ béèrè àkáǹtì tí wọ́n fi àmì Bank On lù. Kì í jẹ́ kí owó lọ sísàlẹ̀ òdo, nítorí náà owó ìtanràn tó ṣe yín léṣe yẹn ò sí níbẹ̀. Bí owó bá tán, wọ́n á kàn ní kò sí owó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n ń pè ní credit union níbí, náà ń ṣí i.

Abọ́sẹ̀dé_Peckham | Ọjọ́rú, 5:33 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ láti London. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ṣì lè sọ pé ẹ ò gbà? Níbí, a ti pàdánù ẹ̀tọ́ yẹn tipẹ́. Òfin kan wà láti 1831 tí wọ́n ń pè ní Truck Act, torí àwọn oníṣẹ́ ọnà ayé ìgbà yẹn, ìyẹ̀fun àti ọṣẹ láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni wọ́n fi ń san owó fún wọn. Òfin ní owó gidi ni kí wọ́n san. 1883, wọ́n tún ṣe òmíràn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ san owó òṣìṣẹ́ nílé ọtí, kí owó má bàa tán kó tó délé (ìyàwó ilé kan ló máa ti rò ó). Wages Act 1986 ló gbá gbogbo Truck Act dà nù, kí wọ́n lè máa san án sí báǹkì. Báyìí, ohun tó bá wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín ló kù. Ohun kan tó dára ni pé láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2019, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní ẹ̀tọ́ sí ìwé tó ń fi bí owó ṣe jẹ́ hàn, kódà àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ojoojúmọ́.

BàbáÀgbà_StatenIsland | Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Abọ́sẹ̀dé, ẹ ti tún gbé wa lọ sí London. Ìyá Ìbejì wà ní Bronx.

Mo gbà pé mo ṣi òfin yẹn kà. Tèmi ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Títílayọ̀_RN | Ọjọ́rú, 12:10 ọ̀sán

Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ti wà lórí direct deposit, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹnìkan kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú orúkọ mi, ó ní òun ti yí báǹkì padà, nọ́ńbà tuntun rèé. Wọn ò pè mí. Wọ́n yí i. Ọjọ́ owó pé, fóònù mi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́, wọ́n ti gbé e lọ. FBI ti kìlọ̀ nípa irú olè yìí láti 2018, ó ní orúkọ pàápàá, payroll diversion. Ilé iṣẹ́ mi padà san án lẹ́yìn tí mo ti pariwo títí, torí ẹni tí wọ́n sanwó fún kì í ṣe èmi.

Torí náà, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí nọ́ńbà yín padà, kí wọ́n pè yín lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì máa wo owó yín ní ọjọ́ tó bá wọlé, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀. Bí káàdì bá sọnù tàbí wọ́n jí i, tí ẹ bá sọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, àádọ́ta dọ́là ni ó pọ̀ jù tí ẹ lè pàdánù. Bí ẹ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó lè di 500. Káàdì owó iṣẹ́ náà wà lábẹ́ òfin yẹn.

Akọ̀wéOwó_Queens | Ọjọ́rú, 1:25 ọ̀sán

Ohun tí Títílayọ̀ sọ yìí, ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹnìkan bá kọ ímeèlì sí mi pé òun yí báǹkì padà, mi ò ní fọwọ́ kàn án láìpe onítọ̀hún, kódà bó jẹ́ ọ̀gá mi.

Ìyá Ìbejì, ọjọ́ Ẹtì ti ń bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ní ẹsẹ̀. Kó kúrú, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà mẹ́rin ti tó: orúkọ yín, pé ẹ ò fọwọ́ sí direct deposit tàbí káàdì lábẹ́ abala 192, pé kí wọ́n máa fi sọ̀wédowó san yín bíi ti àtẹ̀yìnwá, pé ẹ ò gbà kí wọ́n yọ owó kankan nítorí rẹ̀, abala 193. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ fún wọn lọ́wọ́. Ẹ má bú wọn. Ọmọbìnrin orí fóònù yẹn kọ́ ló ṣe òfin.

Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ yín, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín wákàtí yín kù, abala 215 ní wọn ò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára òṣìṣẹ́ tó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní New York ń gba ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í béèrè ìwé ìgbélùú. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, 1199SEIU tàbí òmíràn, aṣojú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ó ku ohun kan. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń san yín ní sọ̀wédowó, káàdì tàbí báǹkì, ìwé tó ń fi wákàtí, iye owó wákàtí kọ̀ọ̀kan àti ohun tí wọ́n yọ hàn gbọ́dọ̀ bá owó kọ̀ọ̀kan rìn. Direct deposit ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn má wo ìwé yẹn mọ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbàgbé wákàtí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò mọ̀, torí owó ṣáà ń wọlé.

ÌyáÌbejì_Bronx | Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Mo ti kọ ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, ó ní kí n yọ "God will judge you" kúrò. Mo yọ ọ́.

Àríkẹ́_Chicago | Ọjọ́rú, 10:09 alẹ́

Ọmọ yẹn gbọ́n 😂

ỌmọÌjẹ̀bú_Brooklyn | Ọjọ́bọ̀, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ ní New York, ẹ ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá kó lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àárín wọn ni fọ́ọ̀mù direct deposit máa ń wà, èèyàn á kàn máa fọwọ́ sí i lọ. Ìwé tó ń sọ iye owó yín àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ìpínlẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ ní Spanish, Chinese, Haitian Creole, Korean, Polish àti Russian. Yorùbá ò sí níbẹ̀, bí a ṣe pọ̀ tó nínú iṣẹ́ ìtọ́jú yìí.

ÌyáÌbejì_Bronx | Ọjọ́ Ẹtì, 6:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbọ́ ìròyìn. Mo mú lẹ́tà lọ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin yẹn kà á, ó wọlé lọ bá ọ̀gá, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bọ́ síta. Ó ní àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, pé àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́ tó ní fọ́ọ̀mù nínú, ẹni tó bá fẹ́ lè fọwọ́ sí i, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa wá gba sọ̀wédowó rẹ̀ bó ṣe ń gbà á. Kò dárúkọ dọ́là márùn-ún, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Sọ̀wédowó mi pé pérépéré, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àdìó, ìṣírò yín ò jẹ́ kí n sùn. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, mo yà sí credit union tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n tẹ orúkọ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo ṣí àkáǹtì, mo fi sọ̀wédowó náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá mọ̀ bóyá mo fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn.

Àwọn obìnrin méjì tí mo bá lọ́fíìsì ti ní kí n fún àwọn ní lẹ́tà yẹn. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí ọmọ mi tún ṣe.

Àdìó_Houston | Ọjọ́ Ẹtì, 6:50 ìrọ̀lẹ́

832 dọ́là. Ẹ mú mi dání lọ sílé.

Fọláṣadé_Newark | Ọjọ́ Ẹtì, 11:18 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, New Jersey ńkọ́? Káàdì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi lánàá, a ò tíì ṣí i.

Akọ̀wéOwó_Queens | Ọjọ́ Ẹtì, 11:30 alẹ́

Ẹ má tíì pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ láti ṣí i. Ẹ ka ìwé pélébé tó bá a wá tí Àríkẹ́ sọ yẹn ná. Ẹ wá ṣí ojú ìwé tuntun fún un níbí, kí àwọn ará Jersey lè rí i.